Àǹtíbọ́dì kò lé kímò kúrò nídìí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa gbé ìròyìn jáde ní èdè abínibí wa. Lójú ewé ìlera yín lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹ tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí pembrolizumab, abẹ́rẹ́ tuntun tó jẹ́ irú oògùn tí à ń pè ní àǹtíbọ́dì, tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Àpilẹ̀kọ náà dùn ún kà, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀, èyí tó sọ pé abẹ́rẹ́ náà ti sọ oògùn kímò (chemotherapy, oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) di ohun àtijọ́. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ apòògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún 14 tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ mi, èmi àti àwọn mélòó kan la máa ń po oògùn àwọn tó ní jẹjẹrẹ láràárọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù. Ohun tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ náà kò bá gbólóhùn yẹn mu, ẹ̀rù sì ń bà mí pé aláìsàn tó bá gbà á gbọ́ lè pàdánù ìtọ́jú tó yẹ kó rí gbà.

Mi ò dá akọ̀ròyìn yín lẹ́bi púpọ̀, nítorí ohun tó kọ náà ni àwọn ènìyàn ń sọ kiri lórí Wáàsáàpù àti ní ibi tí àwọn mọ̀lẹ́bí ti máa ń jókòó de dókítà. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí ìròyìn àwọn abẹ́rẹ́ wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ wa ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lójú fèrèsé tí a ti ń gba ìwé oògùn: "Mà, ẹ dákun, ẹ má tíì po kímò fún bàbá wa, owó abẹ́rẹ́ tuntun yẹn la ń wá." Bí mo bá bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n dúró, wọ́n á ní ẹnìkan tó ń gbé ní Houston tàbí ní Peckham ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù kímò yé mi dáadáa. Irun orí a máa re, ẹnu a máa bó, oúnjẹ a di ọ̀tá, ẹni tó sì ti rí aládùúgbò tí kímò dá dùbúlẹ̀ rí kò ní fẹ́ kó kan ará ilé òun. Kò sí bí ìròyìn pé nǹkan mìíràn ti gba ipò rẹ̀ kò ṣe ní dùn létí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ti tàn kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí iṣẹ́ abẹ kò lè kó kúrò mọ́, ohun tí ìwádìí fi hàn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí abẹ́rẹ́ náà yẹ fún ni pé kí a fún wọn ní méjèèjì pọ̀.

Àǹtíbọ́dì kì í ṣe ohun àjèjì sí ara ẹ̀dá. Ara wa ń ṣe é fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí kòkòrò àrùn bá wọlé tọ̀ ọ́, ìṣe rẹ̀ sì jọ ti ajá ọdẹ tí a fi òórùn ẹran kan ṣoṣo kọ́: ẹran mìíràn lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò ní yíjú wò ó. Ní 1975, Georges Köhler àti César Milstein rí ọ̀nà kan ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a fi lè ṣe irú àǹtíbọ́dì kan náà ní ọ̀pọ̀ yanturu láìsí àdàlù, iṣẹ́ yẹn sì mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1984. Àwọn oògùn tí orúkọ wọn parí sí "mab", bíi bevacizumab àti pembrolizumab, inú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Kímò ní tirẹ̀ kò mọ òórùn ẹnikẹ́ni. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pín ara rẹ̀ sí méjì ló ń bá jà, ìbáà jẹ́ ti jẹjẹrẹ, ìbáà jẹ́ ti ìdí irun, ti inú ẹnu, tàbí ti mùdùnmúdùn inú egungun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyí tí ìyà rẹ̀ fi ń kan ẹni tó ń gbà á.

Bevacizumab ni àǹtíbọ́dì tó kọ́kọ́ bá kímò wọlé nínú ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kókó jẹjẹrẹ kò lè dàgbà láìrí ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ó máa ń ránṣẹ́ sí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí pé kí wọ́n yọ ẹ̀ka tuntun wá sọ́dọ̀ òun. Judah Folkman, oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, ti sọ ọ́ ní 1971 pé bí a bá dí ọ̀nà yẹn, kókó náà kò ní lè dàgbà. Èròjà tó ń jíṣẹ́ náà ni wọ́n wá mọ̀ sí VEGF, òun gan-an sì ni bevacizumab ń gbá mú lójú ọ̀nà. Nínú ìwádìí tí Alan Sandler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, aláìsàn 878 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba kímò oríṣi méjì, paclitaxel àti carboplatin. Apá kejì gba kímò kan náà pẹ̀lú bevacizumab. Ìdajì àwọn tó gba kímò nìkan ló lò ju oṣù 10.3 lọ láyé, ìdajì àwọn tó gba àpapọ̀ náà sì lò ju oṣù 12.3 lọ. Oṣù méjì lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí ara rẹ̀ le, kò sì kéré lójú ẹni tó ń dúró de ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wá lọ́fẹ̀ẹ́: aláìsàn 15 ni ìtọ́jú náà ṣe ikú pa nínú àwọn tó gba bevacizumab, márùn-ún nínú wọn ló sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó dà nínú ẹ̀dọ̀fóró ló pa wọ́n. Èyí ṣẹlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti yọ àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní squamous, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó tẹ́ inú ọ̀nà èémí, sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìwádìí kékeré kan tó ṣáájú ti fi hàn pé àwọn ni ewu ẹ̀jẹ̀ dídà náà pọ̀ fún jù.

Èyí tí akọ̀ròyìn yín ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe bevacizumab, pembrolizumab ni, ọ̀nà tí òun ń gbà sì yàtọ̀. Lára àwọn ọmọ ogun tó ń gbèjà ara wa, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T ní ìjánu kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PD-1. Tasuku Honjo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kyoto, ní orílẹ̀-èdè Japan, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1992. Ìjánu náà wúlò, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ọmọ ogun kọjú idà sí ará ilé. Àmọ́ jẹjẹrẹ ní àrékérekè: ó máa ń gbé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PD-L1 sára, a sì fi í fa ìjánu náà kí ọmọ ogun lè fi òun sílẹ̀. Pembrolizumab ló ń bo PD-1 mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ jẹjẹrẹ má bàa tó o. Honjo àti James Allison ti Amẹ́ríkà, tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìjánu mìíràn, jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé, bí ọmọ ogun ara bá ti bọ́ lọ́wọ́ ìjánu, kí ni kímò tún ń wá níbẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni àsìkò. Ó lè gba ọmọ ogun ara ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí kó tilẹ̀ tó oṣù kí ó tó gbéra, jẹjẹrẹ tó ti tàn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ẹni tó rìn wọlé lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n sì gbé wọlé lórí àga oníkẹ̀kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Kímò a tètè tẹ kókó náà rì, kí ààyè lè wà fún iṣẹ́ tó máa pẹ́. Ohun kejì ni pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kímò bá pa a máa tú ohun inú rẹ̀ síta, àwọn onímọ̀ sì gbà pé èyí ń ran ọmọ ogun ara lọ́wọ́ láti dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣì wà láàyè mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìwádìí tí àpilẹ̀kọ yín tọ́ka sí gan-an. Ní 2018 ni Leena Gandhi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí KEYNOTE-189 jáde. Aláìsàn 616 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ti tàn, irú èyí tí kì í ṣe squamous. Àwọn 410 gba pembrolizumab pẹ̀lú kímò. Àwọn 206 gba kímò pẹ̀lú omi iyọ̀ lásán tí a fi rọ́pò abẹ́rẹ́ náà, aláìsàn àti dókítà rẹ̀ kò sì mọ èwo ni wọ́n ń fà sí i lára. Kímò ọ̀hún ni pemetrexed pẹ̀lú cisplatin tàbí carboplatin. Nígbà tí ọdún kan pé, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó ṣì wà láàyè jẹ́ 69.2 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó gba àpapọ̀ náà, àti 49.4 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó gba kímò nìkan. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, ó jẹ́ 19.4 sí 11.3. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mò ń bu abẹ́rẹ́ náà kù. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó ń fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ ọdún márùn-ún fún ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti tàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, kò sí ẹnìkan tí wọ́n yọ kímò fún. Ohun tí wọ́n fi wé ara wọn ni kímò pẹ̀lú àǹtíbọ́dì àti kímò láìsí àǹtíbọ́dì. Ẹni tó bá fi èsì yìí sọ pé kí a pa kímò tì dà bí ẹni tó jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, tó wá ní ọbẹ̀ náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìdí láti gún iyán mọ́. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà kíyè sí. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kímò nìkan láǹfààní láti gba pembrolizumab nígbà tí àìsàn wọn bá tún dìde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gbà á. Síbẹ̀, àwọn tó gba méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló pẹ́ jù láyé. Bákan náà ló rí fún àwọn tó ní squamous nínú ìwádìí KEYNOTE-407, tí Luis Paz-Ares ti ilẹ̀ Spain darí, pẹ̀lú aláìsàn 559. Kímò tiwọn ni carboplatin pẹ̀lú paclitaxel tàbí oríṣi paclitaxel mìíràn, ìdajì àwọn tó sì gba àpapọ̀ náà lò ju oṣù 15.9 lọ, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 11.3.

Níbi kan, akọ̀ròyìn yín jàre, kò sì yẹ kí n fi dù ú. Àwọn aláìsàn kan wà tí a lè fún ní pembrolizumab nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ láìfi kímò kún un, àwọn náà ni àwọn tí PD-L1 wà lára ìdajì sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí KEYNOTE-024, tó jáde ní 2016, ló fi èyí hàn láàárín aláìsàn 305. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá àwọn aláìsàn yẹn, bíi mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ni PD-L1 wọn ga tó bẹ́ẹ̀. A kò sì lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n, àfi kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára kókó náà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú owó wíwá nìyẹn, òun náà sì ni àpilẹ̀kọ yín kò bèèrè.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àyẹ̀wò. Ìyá oníṣòwò aṣọ kan wá sọ́dọ̀ wa ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin tí kò fẹnu kan sìgá rí láyé rẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n ti fi tọ́jú rẹ̀ níbòmíràn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní tíbì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbà kankan tí wọ́n rí kòkòrò rẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Àṣìṣe yìí rọrùn láti ṣe ní ilẹ̀ wa, nítorí orílẹ̀-èdè wa wà lára 30 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ibi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ́pọ̀ jù lọ, ikọ́, rírù àti ẹ̀jẹ̀ inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì wà nínú àìsàn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ó ti dé inú egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilẹ̀ kan, wọ́n ní pembrolizumab ni wọ́n máa rà. Dókítà tó gba ọ̀rọ̀ náà ní kí wọ́n fara balẹ̀, ó fi ẹran tí wọ́n gé ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò EGFR, jíìnì kan tó ń darí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dàgbà, èsì rẹ̀ sì fi hàn pé àyípadà EGFR ló wà nídìí jẹjẹrẹ rẹ̀. Oògùn oníhóró ló wà fún irú rẹ̀, ọ̀kan lójúmọ́, kò nílò dírípù, kò sì nílò pé kó wá sùn sí wọ́ọ̀dù. Àwọn tó ní àyípadà yìí tàbí ti ALK, jíìnì mìíràn, ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ kúrò nínú KEYNOTE-189, nítorí àǹtíbọ́dì bíi pembrolizumab kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún wọn. Èyí tó tún burú ni pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ náà, tí wọ́n wá gba osimertinib, ọ̀kan lára àwọn oògùn oníhóró fún EGFR, lẹ́yìn rẹ̀ láìpẹ́, ewu kí ẹ̀dọ̀fóró wọn wú máa ń pọ̀ sí i. Ìyá náà lo hóró oògùn rẹ̀, ó sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti tà kò ṣeé gbà padà.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró oní-sẹ́ẹ̀lì kékeré (small cell), tó máa ń yára tàn ju ti àwọn yòókù lọ, ní àpapọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú àǹtíbọ́dì mìíràn tó ń jẹ́ atezolizumab. Mi ò ní fi ìyẹn gùn ún jù, ju kí n sọ pé kímò wà nínú ti òun náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ po oògùn wọ̀nyí. Ọmọkùnrin kan gbé ìgò pembrolizumab méjì wá bá mi láti Èkó nínú náílọ̀n dúdú. Ẹni tó tà á fún un fi yìnyín díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n gó-sìlóò mú wọn lójú ọ̀nà, nígbà tó sì dé ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló kù nínú náílọ̀n náà. Oògùn yìí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ti Celsius ni. Kò gbọ́dọ̀ di yìnyín, a kò sì gbọ́dọ̀ mì ín jìgìjìgì, nítorí purotíìnì ni, bó ṣe lè bàjẹ́ kò jìnnà sí bí ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná. Mo sọ fún un pé mi ò lè po ó. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Owó tí gbogbo ẹbí dá ni. Kò sí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ mi, síbẹ̀ n óò tún kọ̀ ọ́ bó bá tún dé. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú oògùn yìí, kí ó jẹ́ kí ilé ìwòsàn ni yóò gbà á láti ọwọ́ olùtajà, nínú kúlà tó ní ohun ìwọn-òtútù, kí wọ́n sì ti bèèrè bóyá fíríìjì ilé ìwòsàn náà ní iná tí kì í lọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ìbànújẹ́. Pemetrexed tí wọ́n ń fún aláìsàn pẹ̀lú pembrolizumab máa ń ba mùdùnmúdùn egungun jẹ́ gidigidi bí aláìsàn kò bá lo fọ́líìkì ásíìdì lójoojúmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ fítámì B12 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Fọ́líìkì ásíìdì kò wọ́n, àwọn aboyún ń gbà á ní ilé ìtọ́jú káàkiri. Mo ti rí ẹbí tó rí owó abẹ́rẹ́ ńlá san, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn nípa hóró kékeré yẹn.

Ti ilé náà kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù, nítorí ìjàǹbá tí kímò ń fà yàtọ̀ sí ti àǹtíbọ́dì, ẹni tó sì ń gba méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ tọ̀tún-tòsì. Ibà tó bá dé ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì lẹ́yìn kímò, ẹ má fi oògùn ibà ẹ̀fọn tọ́jú rẹ̀ nílé; ó lè jẹ́ pé ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, ilé ìwòsàn ló yẹ kí ẹ gbé aláìsàn náà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ti pembrolizumab, ìgbẹ́ gbuuru tí kò dúró, ikọ́ tuntun pẹ̀lú èémí tó ń ká, ẹyinjú tó pọ́n bíi ti ibà pọ́njú, tàbí àárẹ̀ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lè jẹ́ pé ọmọ ogun tí a tú ìjánu rẹ̀ ti kọjú sí ìfun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti dá abẹ́rẹ́ náà dúró pàápàá. Flagyl tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì kò lè wo irú ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń tu ọmọ ogun ara lójú, bíi prednisolone, ni dókítà máa ń lò, bí wọ́n bá sì tètè dé, ọ̀pọ̀ wọn ló ń bọ́ nínú rẹ̀. Mo máa ń kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà gàdàgbà sórí páálí kékeré fún àwọn aláìsàn mi pé kí wọ́n fi sínú àpò, kí wọ́n sì fi han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tọ́jú wọn.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n kọ sára ìwọ̀n pembrolizumab kan, èyí tí wọ́n ń fún aláìsàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ju 10,000 dọ́là lọ, ó sì lè tó ìgbà 35 tí wọ́n máa fún un, bí ìtọ́jú náà bá lọ títí dé òpin. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀ ní náírà. Ohun tí mo sábà rí ni pé ẹbí á ra méjì tàbí mẹ́ta, owó á tán, aláìsàn kò ní rí abẹ́rẹ́ náà gbà mọ́, wọ́n sì ti ná owó kímò mọ́ ọn. Èrò tèmi ni pé ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká àpapọ̀ náà ṣe dáadáa bó bá gba kímò rẹ̀ pé, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì í. Nígbà tí wọ́n kó èsì ìwádìí 16 lórí aláìsàn 2,714 jọ ní 2008, kímò nìkan ló gbé iye àwọn tó wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan láti 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí 29. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ sì lè tó o.

Ẹ̀yin tí agbára yín ká a, ẹ bi dókítà yín nípa ìwọ̀n tó bá ara mu. Ìwọ̀n 200 mílígíráàmù ni wọ́n sábà ń fún gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ìgò kan jẹ́ 100. Ṣùgbọ́n mílígíráàmù méjì fún kílò kan ni ìwọ̀n tó kọ́kọ́ gba àṣẹ, ìwádìí KEYNOTE-010, tó jáde ní 2016 lórí aláìsàn 1,034, sì fi hàn pé ìwọ̀n náà ṣiṣẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. Ní Ontario àti British Columbia ní Kánádà, ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ń fi owó ìjọba san. Aláìsàn tó jẹ́ kílò 50, irú èyí tó pọ̀ nínú àwọn tí jẹjẹrẹ ti jẹ lára gbẹ ní ilẹ̀ wa, ìgò kan ni yóò tó o dípò méjì. Dókítà ni yóò pinnu, kì í ṣe èmi, àmọ́ kò sí ohun tó burú nínú bíbèèrè. Fún bevacizumab, oríṣi tó jọ ọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe ti wà báyìí, owó rẹ̀ sì dín sí ti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ní 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi pembrolizumab sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí rẹ̀ fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ti tàn. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí ìjọba wa bá fẹ́ fi owó kún nǹkan kan ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n fi àyẹ̀wò ṣáájú: kí ẹran tí wọ́n gé lára aláìsàn ní Ìbàdàn, Iléṣà tàbí Adó-Èkìtì lè dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò EGFR, ALK àti PD-L1 láìjẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ló máa gbé e lọ fúnra wọn, kí èsì rẹ̀ sì dé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé.

Ní tiyín, Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ bá mi tún gbólóhùn yẹn ṣe ní ojú ewé kan náà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, kì í ṣe ní igun ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kà, kí ẹ sì kọ ọ́ pé àǹtíbọ́dì àti kímò ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn tí abẹ́rẹ́ náà yẹ fún, àti pé àyẹ̀wò ló ń sọ ẹni tó yẹ fún. Akọ̀ròyìn yín ṣèlérí apá kejì àpilẹ̀kọ náà. Bí kò bá ní í lára, ilé ni mo wà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kí ó wá jókòó tì mí kí ó tó kọ ọ́. N óò fi àwọn ìwé ìwádìí náà hàn án, n óò sì fi ìgò òfìfo pembrolizumab kan tí mo tọ́jú pamọ́ hàn án, kí ó lè rí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nípa fíríìjì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Apòògùn kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.